Títú àti Títò Ẹ́ńjìnnì Dísẹ́ẹ̀lì Ọkọ̀ Akẹ́rù: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Fẹ́ Fúnra Rẹ̀ Ṣe É

Ìbéèrè kan náà ni àwọn tó ní tírélà àti típà ní Ìbàdàn máa ń bi mí, yálà a pàdé ní gáréèjì Òjòó ni o, tàbí ní ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Ararọ̀mí lẹ́bàá Géètì: “Ẹ́ńjìnnì mi ti ń mu ọ́ìlì, ṣé mo lè fúnra mi tú u, kí n sì tò ó padà?” Ẹ lè ṣe é, bí ẹ bá ní sùúrù, ibi mímọ́ tí òrùlé bò, ìwé ẹ́ńjìnnì náà gan-an, àti ohun èlò tí a fi ń wọn nǹkan. Mo dárúkọ ohun èlò ìwọ̀n nítorí pé òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ní, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni iṣẹ́ náà. Ẹni tó lè fi sípánà tú nǹkan pọ̀ ní ìlú yìí. Ẹni tó lè sọ fún yín pé sílíìfù kẹta (páìpù irin tí písítínì ń lọ sókè-sódò nínú rẹ̀) ti jẹ ju ìkejì lọ ní ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà kò pọ̀.

Ohun tí mo kọ síbí wà fún ẹ́ńjìnnì sílíńdà 6 tó tò lórí ìlà kan, irú WD615 tó wà nínú ọkọ̀ Howo, Cummins NT855 àti MAN D2866. Wọn kò rí bákan náà o. Sílíìfù Cummins àti ti MAN jẹ́ èyí tí omi ń kàn lẹ́yìn, tí rọ́bà sì dí i nísàlẹ̀. Sílíìfù WD615 fẹ́lẹ́, inú ihò irin búlọ́ọ̀kù (odidi irin ara ẹ́ńjìnnì) ló wọ̀, omi kì í kàn án rárá. WD615 ní tọ́ọ̀pù (irin ìdérí tó bo òkè sílíńdà) ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún sílíńdà kọ̀ọ̀kan, nígbà tí Cummins NT855 ní tọ́ọ̀pù 3, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bo sílíńdà 2. Nítorí náà, níbikíbi tí ohun tí mo kọ bá ti yàtọ̀ sí ohun tó wà nínú ìwé ẹ́ńjìnnì yín, ìwé yín ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Kí ẹ tó tú u: ṣé ẹ́ńjìnnì ló ń ṣe é lóòótọ́?

Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ti tú tó jẹ́ pé fílítà afẹ́fẹ́ tàbí nọ́súlù (ẹnu tó ń tú dísẹ́ẹ̀lì sínú sílíńdà) kan ṣoṣo ló ń dà wọ́n láàmú. Ẹ kọ́kọ́ wo èéfín rẹ̀.

- Èéfín dúdú: dísẹ́ẹ̀lì tó ń wọlé ti pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Ẹ yẹ fílítà afẹ́fẹ́, páìpù tọ́ọ̀bò (ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnnì) àti nọ́súlù wò kí ẹ tó fọwọ́ kan ohun mìíràn.
- Èéfín aláwọ̀ búlúù: ọ́ìlì ló ń jó. Ó lè jẹ́ ríìǹgì (òrùka irin tó yí písítínì ká), ó lè jẹ́ ibi tí ọ̀pá fáàfù (ohun tó ń ṣí tó sì ń pa ẹnu ọ̀nà afẹ́fẹ́ àti èéfín) ń gbà kọjá, ó sì lè jẹ́ tọ́ọ̀bò ló ń da ọ́ìlì sínú páìpù afẹ́fẹ́.
- Èéfín funfun: bó bá lọ nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná, dísẹ́ẹ̀lì tí kò jó tán ni. Bí kò bá lọ, tí omi rédíétọ̀ sì ń dín kù láìsí ibi tó ń jò síta, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì (ohun tó ń dí àárín tọ́ọ̀pù àti búlọ́ọ̀kù) tàbí tọ́ọ̀pù tó ti sán ni kí ẹ fura sí.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣe àyẹ̀wò mẹ́rin yìí ní títò wọn:

1. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa, kí ẹ ṣí ìdérí ibi tí a ń da ọ́ìlì sí, kí ẹ sì gbé ìdérí náà lé ẹnu ihò rẹ̀ láìlọ́ ọ. Bí afẹ́fẹ́ àti èéfín bá ń tì í ṣubú, iná ń gba ẹ̀gbẹ́ ríìǹgì kọjá sí ìsàlẹ̀.
2. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ tú páìpù tó wà lẹ́nu tọ́ọ̀bò níwájú àti lẹ́yìn. Bí ọ́ìlì bá ṣàn nínú rẹ̀, tọ́ọ̀bò ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe.
3. Ẹ fi géèjì wọn ìfúnpọ̀ sílíńdà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì tí ara rẹ̀ le sábà máa ń ju 20 bar lọ, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn ló ń sọ̀rọ̀ jù: bí márùn-ún bá dọ́gba tí ọ̀kan lọ sílẹ̀ gan-an, ibi kan ṣoṣo ló ti bàjẹ́.
4. Ẹ so géèjì ọ́ìlì tó ń fi abẹ́rẹ́ sọ̀rọ̀ mọ́ búlọ́ọ̀kù, kí ẹ kà á nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná tó sì ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́. Ẹ má gbára lé èyí tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, nítorí wáyà rẹ̀ ti tàn mí jẹ rí.

Èsì àyẹ̀wò yìí ni yóò sọ bí iṣẹ́ náà yóò ṣe tóbi tó. Bí ó bá jẹ́ tọ́ọ̀pù nìkan, tọ́ọ̀pù nìkan ni kí ẹ tú. Bí ríìǹgì àti sílíìfù bá ti jẹ ṣùgbọ́n tí ọ́ìlì ṣì ń fúnpọ̀ dáadáa, ẹ lè ṣe é láìsọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ láti inú ọkọ̀, kí ẹ fa písítínì àti sílíìfù jáde láti òkè. Bí ó bá ti ń kan gbà-gbà-gbà nísàlẹ̀ tàbí tí ọ́ìlì kò fúnpọ̀ mọ́, kiráńkì (ọ̀pá irin ìsàlẹ̀ tí àwọn písítínì ń yí) gbọ́dọ̀ jáde, ẹ kò sì lè ṣe ìyẹn dáadáa lábẹ́ ọkọ̀.

Ibi iṣẹ́ àti ohun tó lè pa ènìyàn níbẹ̀

Ẹ́ńjìnnì yìí lè wúwo tó tọ́ọ̀nù kan. Mo mọ̀ pé abẹ́ igi máńgòrò ni ọ̀pọ̀ ti ń gbé e sókè, ṣùgbọ́n ẹ̀ka igi kì í kìlọ̀ kó tó dá. Irin H tí wọ́n ri mọ́lẹ̀ dáadáa pẹ̀lú ṣéènì ìgbẹ́rù tó lè gbé ju tọ́ọ̀nù 2 lọ ni kí ẹ wá. Bí orí ọkọ̀ bá jẹ́ èyí tó ń ṣubú síwájú, ẹ fi ọ̀pá irin ti ìdúró rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ti orí bọ abẹ́ rẹ̀, ẹ kò sì gbọdọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé jáàkì nìkan.

- Ẹ tú bátìrì kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun.
- Ẹ má ṣí rédíétọ̀ tó gbóná.
- Ẹ má fi ọwọ́ dán dísẹ́ẹ̀lì tó ń tú jáde lẹ́nu nọ́súlù wò. Agbára rẹ̀ lè gún awọ ara wọlé, ojú ọgbẹ́ náà kì í tóbi, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ni kí a gbé ẹni náà lọ lójú ẹsẹ̀.
- Kẹrosíìnì tàbí dísẹ́ẹ̀lì ni kí ẹ fi fọ irin, kì í ṣe bẹntiróòlù, pàápàá nígbà tí jẹnẹrétọ̀ bá ń ṣiṣẹ́ nítòsí.
- Ọ́ìlì tí ẹ tú jáde, inú dúrọ́ọ̀mù ni kí ẹ gbà á sí. Ẹ má jẹ́ kó bọ́ sí gọ́tà tó ń ṣàn lọ sí odò Ògùnpa.

Nípa eruku, ọ̀rọ̀ wà ńbẹ̀. Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì, eruku ọyẹ́ ní Ìbàdàn kì í jẹ́ kí ohun tí a fọ̀ mọ́ fún wákàtí kan. Bí ẹ bá ṣe iṣẹ́ yìí ní àsìkò ọyẹ́, gbogbo ohun tí ẹ bá ti fọ̀ gbọ́dọ̀ wọ inú ọ̀rá lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì ta aṣọ yí ibi iṣẹ́ ká. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí n dúró de òjò àkọ́rọ̀.

Ohun èlò tí kò gbọdọ̀ má sí:

- Tọ́ọ̀kì sípánà tó tó fún bóòtù ńlá, àti ohun tí a fi ń wọn igun tí a lọ́ bóòtù dé.
- Máíkúrómítà, géèjì inú sílíńdà, dáyà géèjì aláago, fílà géèjì, àti irin gígùn tó gún régé.
- Ohun ìfàyọ sílíìfù àti ohun ìfún ríìǹgì.
- Ọ̀rá kéékèèké, gègé tí omi kì í pa rẹ́, àti fóònù tó ń ya àwòrán.

Títú u

1. Ẹ tú ọ́ìlì àti omi dànù, kí ẹ fọ ara ẹ́ńjìnnì lóde kí ẹ tó ṣí ohunkóhun. Iyanrìn tó wà lóde lónìí ni yóò wà nínú lọ́la bí ẹ bá fo ìgbésẹ̀ yìí.
2. Ẹ ya àwòrán gbogbo páìpù àti wáyà láti igun mẹ́rin. Ẹ dí ẹnu gbogbo páìpù dísẹ́ẹ̀lì àti ti tọ́ọ̀bò pẹ̀lú ọ̀rá mímọ́.
3. Ẹ yí kiráńkì títí písítínì kìíní yóò fi dé òkè pátápátá ní àkókò tí fáàfù rẹ̀ méjèèjì wà ní pípadé. Ẹ wo àmì ara géà àti ti pọ́ńpù dísẹ́ẹ̀lì, kí ẹ sì fi kun fífín sàmì sí wọn kí ẹ tó tú pọ́ńpù.
4. Ẹ tú bóòtù tọ́ọ̀pù láti ẹ̀yìn òde wá sí àárín, díẹ̀díẹ̀, ní ìgbà mẹ́ta. Bí ẹ bá tú ọ̀kan tán kí ẹ tó kan èkejì, tọ́ọ̀pù lè tẹ̀.
5. Ọ̀pá ìtari fáàfù kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀. Ẹ lu páálí ní ihò 12, ẹ kọ nọ́ńbà sí i, kí ẹ sì kì wọ́n bọ̀ ọ́ bí wọ́n ṣe tò.
6. Ẹ fi ọwọ́ kan òkè sílíìfù. Bí èédú bá ti dì síbẹ̀, ẹ ha á kúrò kí ẹ tó ti písítínì sókè, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ríìǹgì yóò fọ́ igun písítínì tí ẹ ìbá tún lò.
7. Ìdérí kọnrọ́ọ̀dù (irin tó so písítínì mọ́ kiráńkì) kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ kúrò lọ́dọ̀ kọnrọ́ọ̀dù rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìdérí méènì bíárìn (èyí tí kiráńkì ń yí lórí rẹ̀ nínú búlọ́ọ̀kù) kò gbọdọ̀ pààrọ̀ àyè. Wọ́n gbẹ́ wọn pọ̀ ni. Ẹ wo nọ́ńbà tó wà lára wọn. Bí kò bá sí, ẹ kọ ọ́ sí i. Ẹ fi rọ́bà bo ẹsẹ̀ bóòtù kọnrọ́ọ̀dù kí ó má baà ha ojú kiráńkì.
8. Bíárìn tí ẹ bá yọ, ẹ má jù ú nù. Ẹ kọ nọ́ńbà sẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ tò ó sórí pákó.

Ohun tó pa á: ẹ wádìí rẹ̀ kí ẹ tó ra ohun tuntun

Ibí ni mo ti ń bá àwọn ọmọ iṣẹ́ mi jà jù. Wọ́n á ti sáré lọ sí Ararọ̀mí kí wọ́n tó wo ohun tó wà lórí pákó. Ohun tó pa ẹ́ńjìnnì yìí ṣì wà nínú ọkọ̀, ó ń dúró de sílíìfù tuntun tí ẹ fẹ́ rà. Ẹ jókòó, kí ẹ wo ohun àtijọ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bí bíárìn bá ní ìlà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ yíká ojú rẹ̀, ìdọ̀tí ló gba inú ọ́ìlì kọjá: fílítà ayédèrú ni, tàbí fílítà tí wọn kì í pààrọ̀. Bí àwọ̀ pupa bàbà bá ti yọ lójú gbogbo wọn dọ́gba-dọ́gba, ọjọ́ orí ni. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan ṣoṣo bá jóná tí àwọn yòókù dára, ẹ wádìí ihò ọ́ìlì tó lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì yẹ kọnrọ́ọ̀dù yẹn wò bóyá ó ti tẹ̀.

Bí òkè gbogbo sílíìfù bá ti jẹ gan-an tí ríìǹgì sì ti di abẹ, eruku ló wọlé. Ẹ wá ibi tí páìpù láti fílítà afẹ́fẹ́ dé tọ́ọ̀bò ti lu. Nínú ọ̀pọ̀ típà tó ń ti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta bọ̀, ibi tí wọ́n ti fi wáyà dè dípò kílíìpù ni mo ti sábà máa ń bá a.

Bí iná bá ti lu orí písítínì kan jó, nọ́súlù yẹn ń kán dísẹ́ẹ̀lì dípò kó tú u ká bí ìrì. Bí ríìǹgì bá ṣẹ́ sí wẹ́wẹ́, ẹ bi dírẹ́bà yín bóyá ó máa ń fi aṣọ tí a rì sínú bẹntiróòlù sẹ́nu fílítà kó lè tètè dáná ní òwúrọ̀. Yóò kọ́kọ́ sẹ́.

Fún sílíìfù tí omi ń kàn, ẹ yí i padà, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ihò kéékèèké bá wà lára rẹ̀ ní apá kan, bí ẹni pé kòkòrò jẹ ẹ́, kì í ṣe ìpẹtà lásán. Sílíìfù máa ń gbọ̀n nígbà tí písítínì bá gbá a, ìgbọ̀n yìí sì ń dá èéhọ́ sínú omi, èyí tó ń bẹ́ mọ́ irin títí yóò fi gbẹ́ ẹ. Omi kànga àti omi inú ọ̀rá tí a ń dà sí rédíétọ̀ láìsí kúláǹtì (oògùn omi rédíétọ̀) ló ń jẹ́ kó yá.

Wíwọ̀n, àti ilé lésì (ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ gé irin)

Ẹ wọn sílíìfù kọ̀ọ̀kan ní òkè, àárín àti ìsàlẹ̀, ní ìhà méjì tó dábùú ara wọn, kí ẹ kọ nọ́ńbà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sínú ìwé. Ibi tí ríìǹgì àkọ́kọ́ ń dé lókè ló sábà máa ń jẹ jù. Ẹ wọn ojú kiráńkì bákan náà. Bó bá ti jẹ kọjá ohun tí ìwé gbà, wọ́n á gé e dé ìwọ̀n tí bíárìn rẹ̀ wà lọ́jà: 0.25, 0.50, 0.75 tàbí 1.00 mìlímítà sísàlẹ̀. Àwọn tó ń lo ìwọ̀n íǹṣì a máa pè é ní “tẹ́ẹ̀nì”, “twẹ́ńtì”, “tẹ́tì”.

Ohun tí ẹ ó sọ fún ẹni tó ń gé e rèé:

- Kiráńkì ni kó kọ́kọ́ gé, lẹ́yìn náà ni ẹ ó ra bíárìn. Ẹni tó bá ra bíárìn ṣáájú ń fi owó ta tẹ́tẹ́.
- Igun tí ojú kiráńkì ti pàdé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí kọ́rọ́bọ́tọ́ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá gé e ṣánṣán, ibẹ̀ gan-an ni kiráńkì yóò ti dá.
- Kó fi omi àti afẹ́fẹ́ dán tọ́ọ̀pù wò fún sísán, kó sì wò ó bóyá ó ṣì tẹ́ pẹrẹsẹ.
- Kó yẹ kọnrọ́ọ̀dù wò bóyá wọ́n gún, pàápàá bí omi bá ti wọ sílíńdà rí.

Ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ tí mo fúnra mi tò, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló lò. Ilé lésì kan ló bá mi gé kiráńkì rẹ̀, ó dán gbinrin, inú mi dùn, mo nù ún, mo gbé e wọlé. N kò mọ̀ pé ẹ̀kúnná irin tí ẹ̀rọ gé ti wọ inú ihò ọ́ìlì kiráńkì, wọn kò sì fọ̀ ọ́. Bí ọ́ìlì ṣe ń ṣàn ló ń gbé irin náà lọ síwájú bíárìn tuntun. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń ti búrọ́ọ̀ṣì wáyà gígùn bọ ihò kọ̀ọ̀kan, mo máa ń fi kẹrosíìnì àti afẹ́fẹ́ fọ̀ ọ́ títí aṣọ funfun yóò fi jáde ní funfun, èmi fúnra mi, kódà bí ẹni tó gé e bá búra pé òun ti fọ̀ ọ́.

Ríra ẹ̀yà

Ẹ mú ohun àtijọ́ àti kálípà dání lọ sí ọjà. Ẹ fi nọ́ńbà tó wà lára irin wéra, kì í ṣe èyí tó wà lára páálí nìkan, nítorí páálí tuntun rọrùn láti tẹ̀. Ẹ ra sílíìfù, písítínì àti ríìǹgì ní odindi láti ọwọ́ ẹni kan, kí wọ́n jẹ́ ti ilé iṣẹ́ kan náà. Gásíkẹ́ẹ̀tì odidi ni kí ẹ rà, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ pààrọ̀ bóòtù kọnrọ́ọ̀dù níbi tí ìwé bá ti ní ẹ̀ẹ̀kan péré la ń lò ó. Bóòtù tó ti na kì í padà. Fílítà àti tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ni n kì í bá ẹnikẹ́ni dúnàá-dúrà lé lórí.

Títò ó

1. Ẹ ṣí gbogbo ìdérí ihò ọ́ìlì nínú búlọ́ọ̀kù, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti kẹrosíìnì fọ̀ wọ́n, kí ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, kí ẹ sì dí wọn padà.
2. Ẹ nu ibi tí etí sílíìfù ń jókòó lé títí yóò fi rí irin lásán. Ẹ ti sílíìfù bọ̀ ọ́ láìfi rọ́bà sí i, kí ẹ fi dáyà géèjì wọn bí etí rẹ̀ ṣe yọ sókè ju ojú búlọ́ọ̀kù lọ, ní ibi mẹ́rin. Ti Cummins NT855 wà láàárín 0.08 sí 0.15 mìlímítà. Bó bá rì jù, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì kò ní lè fún un mọ́lẹ̀, ọkọ̀ yóò sì máa ta omi láìpẹ́. Ibí ni iṣẹ́ púpọ̀ ti ń bàjẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀.
3. Fún sílíìfù tí omi ń kàn, ẹ yọ ọ́, ẹ fi rọ́bà tuntun sí i láìlọ́ rọ́bà náà, kí ẹ fi ohun tí ìwé sọ pa á lára, kí ẹ sì tì í wọlé tààrà. Bí ẹ bá ti ṣe mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tán, ẹ dí ojú ọ̀nà omi, ẹ bu omi kún búlọ́ọ̀kù, kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí omi bá kán sísàlẹ̀, ó sàn kí ẹ rí i nísinsìnyí.
4. Ẹ̀yìn bíárìn gbọ́dọ̀ gbẹ kó sì mọ́. Ojú rẹ̀ ni a ń fi ọ́ìlì pa. Ẹ rí i dájú pé ihò bíárìn òkè bá ihò ọ́ìlì búlọ́ọ̀kù mu. Apá tó ní ìlà gbígbẹ́ lára bíárìn tó ń dá kiráńkì dúró kó má lọ síwájú-sẹ́yìn, ara kiráńkì ló gbọ́dọ̀ kọjú sí.
5. Ẹ gbé kiráńkì wọlé, kí ẹ fún ìdérí láti àárín lọ sí òde, ní ìpele mẹ́ta, kí ẹ sì máa yí i lẹ́yìn ìdérí kọ̀ọ̀kan. Bó bá le lójijì, ìdérí tí ẹ fún kẹ́yìn ni kí ẹ tú. Àyè tó wà láàárín bíárìn àti kiráńkì sábà máa ń súnmọ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìwọ̀n ìbú ojú kiráńkì, ìyẹn nǹkan bíi 0.10 mìlímítà fún ojú tó jẹ́ 100 mìlímítà.
6. Ẹ ki ríìǹgì kọ̀ọ̀kan bọ inú sílíìfù, ẹ fi orí písítínì tì í kó lè jókòó gún, kí ẹ fi fílà géèjì wọn àyè ẹnu rẹ̀. Fún ríìǹgì àkọ́kọ́, 0.3 sí 0.4 mìlímítà fún gbogbo 100 mìlímítà ìbú sílíńdà ni mo máa ń retí. Bí ẹnu bá kanra, yóò fẹ̀ nígbà tó bá gbóná, yóò sì há.
7. Ojú ríìǹgì tí wọ́n kọ “TOP” sí lára ni yóò wà lókè. Ẹ pín ẹnu wọn yíká kí wọ́n má baà wà lórí ìlà kan. Ẹ wo àmì tó ń sọ iwájú písítínì, ẹ fi ọ́ìlì pa á, kí ẹ fi ìdí ọwọ́ òòlù onígi tì í wọlé. Bó bá dúró, ẹ má lù ú. Ríìǹgì kan ti yọ ẹsẹ̀ síta.
8. Ẹ to àmì géà pọ̀, kí ẹ sì fi ọwọ́ yí kiráńkì yíká pátápátá lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má fi kíìkì sítátà yí i.
9. Ẹ fẹ́ ihò bóòtù tọ́ọ̀pù gbẹ. Ọ́ìlì tàbí omi tó bá kù sínú ihò tí kò lu jáde lè sán búlọ́ọ̀kù nígbà tí ẹ bá ń fún bóòtù. Ẹ fún wọn láti àárín lọ sí òde gẹ́gẹ́ bí ìtò tó wà nínú ìwé.
10. Ẹ to fáàfù nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù. Ìtò ìdáná ẹ́ńjìnnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo dárúkọ ni 1-5-3-6-2-4. Nígbà tí fáàfù sílíńdà 6 bá ń pàdé ara wọn, tí ọ̀kan ń padé lọ́wọ́ tí èkejì sì ń ṣí, ti sílíńdà 1 ni kí ẹ tò. 5 àti 2 ń bá ara wọn rìn bẹ́ẹ̀, 3 àti 4 pẹ̀lú. Fún WD615, àyè fáàfù ìfàwọlé jẹ́ 0.30 mìlímítà, ti ìtújáde jẹ́ 0.40. Cummins ní nọ́súlù tí káàmù (ọ̀pá tó ń ti fáàfù ṣí) ń tì, ẹ ó sì tò ó pẹ̀lú ìlànà tirẹ̀.

Ìdáná àkọ́kọ́

Ẹ má kàn ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́. Ẹ bu ọ́ìlì kún fílítà, ẹ bu díẹ̀ sí ihò ọ́ìlì tọ́ọ̀bò, ẹ fi ọwọ́ pọ́ńpù fa afẹ́fẹ́ kúrò nínú dísẹ́ẹ̀lì, kí ẹ sì fi kíìkì sítátà yí ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú dísẹ́ẹ̀lì ní pípa títí abẹ́rẹ́ ọ́ìlì yóò fi gbéra. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró lẹ́bàá ẹnu tọ́ọ̀bò pẹ̀lú pákó pẹlẹbẹ tó lè bò ó. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì lè máa mu ọ́ìlì ara rẹ̀ kó sì máa sáré láìgbọ́ràn sí kọ́kọ́rọ́. Dídí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ló ń pa á. Kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ tàbí aṣọ dí i.

Bó bá dáná, tí ọ́ìlì kò fúnpọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 15, ẹ pa á. Bó bá fúnpọ̀, ẹ wo ibi tó ń jò, kí ẹ jẹ́ kó gbóná, kí ẹ sì gbé e jáde. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ níbí ni fífi ẹ́ńjìnnì tuntun sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́ “kó lè mọ ara”. Bẹ́ẹ̀ ni sílíìfù ṣe ń dán bíi dígí, tí ríìǹgì kò sì ní jókòó mọ́ láé. Ẹrù díẹ̀ ló nílò. Mo máa ń gbé e láti Òjòó gba Mọ́níyà lọ sí Ọ̀yọ́, tó tó nǹkan bí 50 kìlómítà, pẹ̀lú ìlàjì ẹrù, kí n máa pààrọ̀ jíà kí ẹ́ńjìnnì má baà máa fa ẹsẹ̀ lórí òkè, kí n sì padà ní ọjọ́ kan náà. Ẹ tú ọ́ìlì àti fílítà dànù lẹ́yìn 1,000 kìlómítà àkọ́kọ́, kí ẹ gé fílítà náà kí ẹ wo inú rẹ̀. Ẹ̀kúnná díẹ̀ kò burú. Irin tó ń dán bíi ìpẹ́ ẹja burú.

Bí apá yín kò bá ká gbogbo rẹ̀

Ẹ lè tú u fúnra yín, kí ẹ sì pe ẹni tó mọ ìwọ̀n wá fún ìgbésẹ̀ 2 sí 6 nígbà títò nìkan. Owó tí ẹ ó san kò tó ti odidi iṣẹ́. Ẹ sì lè ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀, ṣùgbọ́n ẹ kò mọ ohun tó pa ọkọ̀ tí wọ́n ti yọ ọ́. Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ ṣí sọ́ńpù rẹ̀ (agbada ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀), ẹ yọ ìdérí bíárìn kan wò kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, kí ẹ sì máa lọ bí ẹni tó ń tà á bá kọ̀. Pọ́ńpù dísẹ́ẹ̀lì àti nọ́súlù, ẹ má tú wọn rárá. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ní ẹ̀rọ ìdánwò rẹ̀ ni kí ẹ gbé wọn lọ.

Ìtọ́jú lẹ́yìn náà

Lójoojúmọ́, kí dírẹ́bà tó dáná:

- Kó wo ìwọ̀n ọ́ìlì àti omi.
- Kó tú omi tó jókòó sísàlẹ̀ fílítà dísẹ́ẹ̀lì dànù, pàápàá lẹ́yìn ilé epo tí kò mọ̀.
- Kó fi ọwọ́ tẹ gbogbo páìpù afẹ́fẹ́ wò.
- Ní ìrọ̀lẹ́, kó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú 3 kó tó pa á, kí tọ́ọ̀bò lè tutù.

Ọ́ìlì SAE 15W-40 tó ní àmì CH-4 tàbí CI-4 ni mo ń lò, mo sì ń pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí iṣẹ́ 250 fún típà, nítorí kìlómítà kì í sọ òótọ́ nípa ọkọ̀ tó ń dúró nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. Fílítà afẹ́fẹ́, ẹ má fi afẹ́fẹ́ líle fẹ́ ẹ. Páálí rẹ̀ máa ń lu láìhàn síta, eruku ọyẹ́ yóò sì máa wọlé tààrà.

Lórí tẹ́mósítáàtì (ohun tó ń ṣí ọ̀nà omi lọ sí rédíétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná), èmi àti ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kò fẹnu kò. Bí ọkọ̀ bá ti gbóná, òun ni wọ́n kọ́kọ́ ń yọ jù nù, wọ́n á ní ìlú wa gbóná, a kò nílò rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì akẹ́rù, tẹ́mósítáàtì náà ló ń pa ọ̀nà tí omi lè gbà yí padà sínú ẹ́ńjìnnì láìdé rédíétọ̀. Bí ẹ bá yọ ọ́, ọ̀nà méjèèjì ṣí sílẹ̀: lórí títì tó tẹ́, ẹ́ńjìnnì kò ní gbóná tó, dísẹ́ẹ̀lì yóò máa fọ ọ́ìlì kúrò lára sílíìfù, lórí òkè pẹ̀lú ẹrù, omi gbígbóná yóò máa padà wọlé láìtutù. Bí tiyín bá bàjẹ́, ẹ gbé tuntun sínú omi lórí iná, kí ẹ wò ó bóyá ó ń ṣí ní ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára rẹ̀, kí ẹ tó fi í sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ da kúláǹtì sí rédíétọ̀, kí ẹ sì pààrọ̀ ìdérí rédíétọ̀ tí rọ́bà rẹ̀ ti le.